Ọmọ tó ń sọ èdè mìíràn nílé, àti ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ní Amẹ́ríkà: ìbéèrè àti ìdáhùn

Òbí, alágbàtọ́ àti olùkọ́ la kọ èyí fún. Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ní Amẹ́ríkà ni a ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni tí kì í gba owó lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ kò sí lábẹ́ púpọ̀ nínú àwọn òfin yìí. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti jẹ́ ti ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo, a dárúkọ ìpínlẹ̀ náà.

Ta gan-an ni wọ́n ń pè ní akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì?

Ọmọ tí wọ́n ń sọ èdè mìíràn nílé rẹ̀, tí Gẹ̀ẹ́sì tó gbọ́ kò sì tíì tó fi bá iṣẹ́ kíláàsì lọ láìsí ìrànlọ́wọ́. Nǹkan méjèèjì ló gbọ́dọ̀ pé. Ọmọ tí bàbá àti ìyá rẹ̀ ń fi Yorùbá bá sọ̀rọ̀ tọ̀sán tòru, ṣùgbọ́n tó ń ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì tó sì ń kọ ọ́ bí ẹgbẹ́ rẹ̀, kò sí lára wọn.

Ní ọdún ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 2021, wọ́n tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 5.3 ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, ìyẹn nǹkan bíi 10.6 nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú mẹ́rin wọn, bíi mẹ́ta ló ń sọ èdè Sípéènì nílé. Àwọn tó ń sọ Yorùbá kò pọ̀ nínú wọn, bẹ́ẹ̀ iye ọmọ tó ń sọ èdè kan náà ló sábà máa ń pinnu irú ètò tí ilé-ẹ̀kọ́ máa gbé kalẹ̀.

Fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ ń béèrè èdè tí a ń sọ nílé. Ṣé Yorùbá ni ká kọ ni, àbí Gẹ̀ẹ́sì?

Ẹ kọ òótọ́. Fọ́ọ̀mù náà kì í gùn. Ìbéèrè mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló sábà máa ń ní: èdè wo ni ọmọ kọ́kọ́ sọ, èdè wo lẹ ń sọ jù nílé, èdè wo ni ọmọ fúnra rẹ̀ ń sọ jù. Ìdáhùn yín kò gbé ọmọ sínú kíláàsì kankan. Ó kàn ń jẹ́ kí ilé-ẹ̀kọ́ mọ̀ pé ó yẹ kí wọ́n dán ọmọ yìí wò ni.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí òbí kọ "Gẹ̀ẹ́sì nìkan" nítorí ìbẹ̀rù pé wọ́n á fà ọmọ òun sẹ́yìn. Bí ọmọ náà bá nílò ìrànlọ́wọ́, kò ní rí i gbà. Yóò máa fìdí rẹmi nínú ìwé kíkà, ọdún kan tàbí méjì á sì ti lọ kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan ọ̀rọ̀ èdè. Nígbà yẹn wọ́n ti lè máa wò ó bí olódo. Bí ẹ bá sì kọ Yorùbá, tí Gẹ̀ẹ́sì ọmọ ti tó, yóò yege nínú ìdánwò, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé fọ́ọ̀mù náà á dé ọ̀dọ̀ àwọn aṣọ́bodè. Iṣẹ́ ẹ̀kọ́ ni wọ́n ṣe é fún. Ní 1982, nínú ẹjọ́ Plyler v. Doe tó ti Texas wá, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ pinnu pé ìpínlẹ̀ kò gbọdọ̀ ti ilẹ̀kùn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba mọ́ ọmọ nítorí pé kò ní ìwé ìgbélùú. Bí akọ̀wé bá sọ pé ọmọ kò lè wọlé àfi tó bá mú nọ́ńbà Social Security (nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ìjọba àpapọ̀ ń fún èèyàn) wá, irọ́ ni.

Kí ló ń tẹ̀lé fọ́ọ̀mù náà?

Ìdánwò ni. Apá mẹ́rin ló máa ń ní: gbígbọ́, sísọ, kíkà àti kíkọ. Fún àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, àwọn ìpínlẹ̀ kan máa ń gbé e ka gbígbọ́ àti sísọ nígbà ìbẹ̀rẹ̀ ọdún.

Bí ìdánwò bá fi hàn pé ọmọ nílò ìrànlọ́wọ́, ilé-ẹ̀kọ́ tó ń gba owó ìjọba àpapọ̀ fún ètò yìí gbọ́dọ̀ kọ lẹ́tà sí yín láàárín ọjọ́ 30 sí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ẹ̀kọ́. Bí ọmọ bá wọlé lẹ́yìn tí ọdún ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n ní látìgbà tí wọ́n bá fi í sínú ètò. Lẹ́tà náà gbọ́dọ̀ sọ ìdí tí wọ́n fi yan ọmọ yín, ibi tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ dé àti bí wọ́n ṣe mọ̀, ọ̀nà tí wọ́n máa gbà kọ́ ọ àti àwọn ọ̀nà mìíràn tó wà, ohun tó gbọ́dọ̀ ṣe kó tó jáde, àti ẹ̀tọ́ yín láti kọ ètò náà tàbí kí ẹ yan òmíràn. Bí ọmọ bá ní ìpèníjà ara tàbí ti ọpọlọ, lẹ́tà náà gbọ́dọ̀ ṣàlàyé bí ètò yìí ṣe máa bá ètò ìyẹn mu.

Ẹ tọ́jú lẹ́tà yẹn. Ọ̀pọ̀ òbí máa ń jù ú sínú dúrọ́ọ̀, ó di ọjọ́ tí wàhálà bá ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó máa wá a.

Ọmọ wa ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì kàwé láti kékeré ní Nàìjíríà. Èé ṣe tí wọ́n fi ní Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò tó?

Nígbà mìíràn ìdánwò ló ṣì í mú. Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣe púpọ̀ nínú wọn. Ọmọ á gbé ohun èlò ìgbọ́rọ̀ sétí, á máa dá sọ̀rọ̀ sínú ẹ̀rọ, ohùn tí ń bi í ní ìbéèrè á sì jẹ́ ohùn tí kò gbọ́ rí. Ọmọ tó dé láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, tí oorun kò tíì tó lójú rẹ̀, lè dákẹ́ síbẹ̀. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, òótọ́ ni ìdánwò náà sọ: ọmọ ń sọ̀rọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n kò tíì lè kọ àròkọ tó mú ẹ̀rí jáde látinú ìwé tó kà.

Ẹ má kọ́kọ́ bínú. Ẹ béèrè máàkì apá kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kì í ṣe àròpọ̀ nìkan. Bó bá jẹ́ sísọ ló fà á sẹ́yìn, tí kíkà àti kíkọ ga, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ojú ló tì í. Bó bá jẹ́ kíkọ ló kéré, ìrànlọ́wọ́ náà wúlò fún un. Ẹ kó ìwé àbájáde rẹ̀ láti Nàìjíríà wá, kí ẹ sì kọ̀wé pé ẹ fẹ́ kí wọ́n tún àyẹ̀wò ṣe. Ní New York, ọjọ́ 45 tí ilé-ẹ̀kọ́ ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n fún òbí láti béèrè èyí. Níbi tí kò sí gbèdéke, ẹ má jẹ́ kó pẹ́.

Òfin wo ló gbé ọmọ wa ró?

Gbòǹgbò rẹ̀ ni Òfin Ẹ̀tọ́ Aráàlú ti 1964, Apá Kẹfà, tó ní ẹnikẹ́ni tó ń gba owó ìjọba àpapọ̀ kò gbọdọ̀ ṣe ojúsàájú nítorí ẹ̀yà, àwọ̀ tàbí orílẹ̀-èdè tí èèyàn ti wá. Èdè kò sí nínú àkọsílẹ̀ òfin náà. Ní oṣù Karùn-ún 1970, ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ẹ̀tọ́ aráàlú kọ̀wé sí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ pé bí àìgbọ́ Gẹ̀ẹ́sì bá ń dí ọmọ lọ́wọ́ ẹ̀kọ́, dandan ni kí wọ́n wá nǹkan ṣe sí i.

Ẹjọ́ tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni Lau v. Nichols, tí wọ́n dá ní oṣù Kìíní 1974. Ní San Francisco, àwọn ọmọ ìran Ṣáínà bíi 1,800 ń jókòó sí kíláàsì láìgbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, láìsí ẹni tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Ìlú náà ní ìwé kan náà, olùkọ́ kan náà, àga kan náà làwọn fún gbogbo ọmọ. Adájọ́ William O. Douglas kọ ìdájọ́ Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ pé ìyẹn kì í ṣe ìdọ́gba, nítorí pé ọmọ tí kò gbọ́ ohun tí olùkọ́ ń sọ kò rí ẹ̀kọ́ kankan gbà. Lọ́dún kan náà ni ilé aṣòfin sọ ọ́ di òfin tó dá dúró pé ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ mú ìdíwọ́ èdè kúrò lọ́nà ọmọ.

Ohun tí kò yé ọ̀pọ̀ èèyàn dáadáa nìyí: Lau kò pàṣẹ pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ. Ó ní kí wọ́n ṣe nǹkan. Kò sọ èwo.

Báwo la ṣe máa mọ̀ bí "nǹkan" náà bá tó? Ẹjọ́ Castañeda v. Pickard ti 1981, láti Raymondville ní Texas, dáhùn. Ìbéèrè mẹ́ta ni wọ́n ń bi ilé-ẹ̀kọ́ látìgbà náà. Ṣé orí ìmọ̀ tí àwọn onímọ̀ ẹ̀kọ́ gbà pé ó nítumọ̀ lẹ gbé ètò yín kà? Ṣé ẹ pèsè olùkọ́, ìwé àti àkókò tó lè mú un ṣiṣẹ́? Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ṣé àwọn ọmọ ń tẹ̀síwájú lóòótọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ṣé ẹ yí i padà? Ìbéèrè kejì ni ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ti ń kọsẹ̀: ètò tó dára lórí ìwé, olùkọ́ kan ṣoṣo fún ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́ta.

Ní 2025 ààrẹ pàṣẹ pé Gẹ̀ẹ́sì ni èdè ìjọba Amẹ́ríkà. Ṣé ẹ̀tọ́ yìí ti parí nìyẹn?

Rárá. Àṣẹ ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta 2025 yẹn fagi lé àṣẹ ààrẹ àtijọ́ tó kan bí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ṣe ń fi èdè mìíràn ṣiṣẹ́. Àṣẹ ààrẹ kò lè pa òfin 1964 tàbí ti 1974 rẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò lè yí ìdájọ́ Lau padà. Ohun tó lè yí ni bí ìjọba ṣe ń tẹ̀ lé òfin náà tọkàntọkàn sí, ìdí sì nìyẹn tó fi yẹ kí òbí mọ òfin náà fúnra rẹ̀.

Irú ètò wo ló wà, èwo ló dára jù?

*Elédè méjì alápapọ̀.* Ìdajì kíláàsì ń sọ Gẹ̀ẹ́sì nílé, ìdajì yòókù ń sọ èdè kejì, wọ́n sì ń fi èdè méjèèjì kọ́ gbogbo wọn ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ìwé kíkà. Ilé-ẹ̀kọ́ Coral Way ní Miami bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ní 1963, nígbà tí àwọn ará Cuba ń sá wọ ìlú náà. Ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀. Nínú èyí tí wọ́n ń pè ní 90/10, èdè kejì ló ń gba nǹkan bí 90 nínú ọgọ́rùn-ún àkókò ní jẹ́lé-ó-sinmi, Gẹ̀ẹ́sì á sì máa pọ̀ sí i lọ́dọọdún títí wọn á fi dọ́gba. Nínú 50/50, wọ́n dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí èdè kan má baà bo ìkejì mọ́lẹ̀, àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí kì í fẹ́ kí ẹgbẹ́ kankan kéré ju ìdámẹ́ta kíláàsì lọ. Ọmọ gbọ́dọ̀ dúró ọdún márùn-ún ó kéré tán. Òbí tó bá yọ ọmọ kúrò ní ọdún kejì torí pé kò tíì ka Gẹ̀ẹ́sì bí ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi í sílẹ̀ sójú ọ̀nà.

*Elédè méjì onígbà díẹ̀.* Àwọn ọmọ elédè kan náà nìkan ló wà níbẹ̀. Wọ́n ń fi èdè wọn kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ kí wọ́n má baà máa dúró de Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n á sì kó wọn sí kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún bíi méjì sí mẹ́ta. Àléébù rẹ̀ ni pé kò pinnu láti tọ́jú èdè abínibí. Àfárá lásán ló fi í ṣe.

*Kíláàsì ESL* (English as a Second Language, ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì fún ọmọ tí èdè ilé rẹ̀ kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì). Èyí ni ọmọ tó ń sọ Yorùbá máa bá pàdé jù. Olùkọ́ ESL lè mú ọmọ jáde fún ìṣẹ́jú 30 tàbí 45 lójúmọ́, tàbí kó wọ inú kíláàsì wá bá olùkọ́ yòókù ṣiṣẹ́. A fara mọ́ èkejì jù. Nígbà tí wọ́n bá ń mú ọmọ jáde, ẹ̀kọ́ kan ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ béèrè èwo: bó bá jẹ́ ìṣirò tàbí sáyẹ́ǹsì, ẹ kọ̀ ọ́, kí wọ́n wá àkókò mìíràn. Bó sì jẹ́ eré ìdárayá àti orin ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà, ìyẹn náà kò dáa. Ibẹ̀ ni ọmọ ti ń rí ọ̀rẹ́.

*Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n rọ̀.* Olùkọ́ kíláàsì fúnra rẹ̀ ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi àwòrán, àpẹẹrẹ àti gbólóhùn ṣókí ṣàlàyé ẹ̀kọ́ tó le, láì dín ẹ̀kọ́ náà kù. *Kíláàsì àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé* wà fún ọ̀dọ́ tó dé láìpẹ́, pàápàá èyí tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti dáwọ́ dúró rí. Kò yẹ kó ju ọdún kan tàbí díẹ̀ sí i lọ.

Ewu tó wà nínú gbogbo ètò tó ń ya ọmọ sọ́tọ̀ hàn ní Arizona. Láti 2008 ìpínlẹ̀ náà ń kó àwọn ọmọ yìí jọ fún wákàtí mẹ́rin lójúmọ́ láti kọ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Ọmọ tó ń fi wákàtí mẹ́rin kọ́ gírámà kò ráyè kọ́ sáyẹ́ǹsì, kò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń sọ ọ́. Ní 2019 ni wọ́n dín in kù.

Ọmọ mélòó ló gbọ́dọ̀ wà kí wọ́n tó dá kíláàsì elédè méjì sílẹ̀?

Ìpínlẹ̀ ló ń pinnu. Ní Texas, bí ọmọ 20 bá wà ní kíláàsì kan náà jákèjádò ẹkùn ilé-ẹ̀kọ́ (school district), tí èdè ilé wọn jẹ́ ọ̀kan, ẹkùn gbọ́dọ̀ pèsè ètò elédè méjì. Ní Illinois, ọmọ 20 elédè kan náà nínú ilé-ẹ̀kọ́ kan ni. Ní California, bí òbí 30 nínú ilé-ẹ̀kọ́ kan, tàbí òbí 20 ní kíláàsì kan, bá béèrè irú ètò kan, ilé-ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ wò ó bóyá ó ṣeé ṣe.

California fúnra rẹ̀ ti ṣe òdì kejì èyí rí. Ní 1998 àwọn olùdìbò ibẹ̀ fọwọ́ sí Àbá 227 tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ẹ̀kọ́ elédè méjì rẹ́. Arizona ṣe tirẹ̀ ní 2000, Massachusetts ní 2002. Ní 2016 California dìbò láti fagi lé púpọ̀ nínú rẹ̀, Massachusetts sì yí tirẹ̀ padà ní 2017.

Ọdún mélòó ni ọmọ máa fi gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì?

Gẹ̀ẹ́sì oríṣi méjì ló wà níbẹ̀. Jim Cummins, onímọ̀ ẹ̀kọ́ ní Kánádà, ló ya wọ́n sọ́tọ̀ láti 1979. Gẹ̀ẹ́sì orí pápá, tí ọmọ fi ń ṣeré, tó fi ń bèèrè omi, tó fi ń já ọ̀rẹ́ rẹ̀ nírọ́, máa ń dé láàárín nǹkan bí ọdún méjì. Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé, tó ní ọ̀rọ̀ bíi "ìwọ̀n", "ìdí" àti "ìfiwéra", tó sì ń béèrè kí ọmọ kọ ìpínrọ̀ tó gbe èrò kan lẹ́yìn, máa ń gbà tó ọdún márùn-ún sí méje.

Àárín méjèèjì ni ìjàǹbá ti ń ṣẹlẹ̀. Olùkọ́ á gbọ́ bí ọmọ ṣe ń rojọ́ nínú àgbàlá, á ní "Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ti já gaara," wọ́n á sì dá ìrànlọ́wọ́ dúró. Ní kíláàsì kẹrin tàbí ìkarùn-ún, nígbà tí kíkà bá yí padà sí kíkà láti kọ́ nǹkan, ọmọ á wá dúró sójú kan. Wọ́n á ní ọ̀lẹ ni.

Ṣé kí a dáwọ́ Yorùbá dúró nílé kí Gẹ̀ẹ́sì lè yára?

Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, bí ẹni tó sọ ọ́ bá tiẹ̀ jẹ́ olùkọ́ àgbà. Ọmọ tó ti mọ bí ìtàn ṣe ń bẹ̀rẹ̀ tó sì ń parí, tó mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ìdí nǹkan, tó mọ̀ pé lẹ́tà dúró fún ohùn, kì í tún un kọ́ ní èdè kejì. Ọ̀rọ̀ tuntun nìkan ló ń kọ́. Òbí tí Gẹ̀ẹ́sì kò rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, tó sì fi dandan máa sọ ọ́ nílé, á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ gbólóhùn kúkúrú: "Come. Eat. Sleep." Ọmọ á pàdánù ọ̀rọ̀ tó kún, tó ní àlàyé, tó ní òwe, tí òbí náà lè sọ ní Yorùbá.

Kí ẹ béèrè iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ ní Yorùbá: kí ni wọ́n kọ́, kí ló fà á, kí ló yàtọ̀ sí ti àná? Kó fi Yorùbá ṣàlàyé bí òjò ṣe ń rọ̀ kó tó lọ kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Bó bá jẹ́ Yorùbá lẹ fẹ́ kọ́ ọ láti kà, ẹ tètè fi ẹ, ọ, ṣ àti gb hàn án, kó sì mọ̀ pé "p" tiwa kì í ṣe "p" ti Gẹ̀ẹ́sì. Ìṣẹ́jú 15 lójúmọ́ tí kò já sàn ju wákàtí méjì lọ́jọ́ Sátidé lọ.

Olùkọ́ ní ọmọ wa ní ìṣòro ọ̀rọ̀ sísọ, wọ́n fẹ́ fi í sínú ètò àkànṣe (special education, ètò ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tó ní ìpèníjà).

Ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tí wọ́n gbọ́. Yorùbá kò ní ohùn "v", "z" àti "th", kò ní "ch", kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí sílébù, kì í sì tò wọ́n pọ̀. Ọmọ tó pe "van" ní "fan", "zip" ní "sip", "think" ní "tink", "chair" ní "share" kò ní àìsàn kankan. Ohùn èdè rẹ̀ ló ń lò. Nínú gírámà náà bẹ́ẹ̀ ni. "Ó" kan ṣoṣo la ní fún ọkùnrin àti obìnrin, nítorí náà ọmọ á máa pe màmá rẹ̀ ní "he". A kì í fi àfòmọ́ sí "ìwé" kó tó di mẹ́ta, nítorí náà á sọ pé "three book". Ẹ kọ àwọn nǹkan wọ̀nyí sílẹ̀ fún olùkọ́. Ọ̀pọ̀ wọn kò tíì bá ọmọ Yorùbá pàdé rí.

Ìṣòro tòótọ́ máa ń hàn ní èdè méjèèjì. Bí ọmọ kò bá lè tẹ̀ lé iṣẹ́ méjì tí ẹ rán an pọ̀ ní Yorùbá, bí kò bá lè ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá, bó bá pẹ́ gan-an kó tó sọ̀rọ̀, ó yẹ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kí ẹ dúró dìgbà tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ bá já gaara. Òfin àwọn ọmọ abirùn sọ ọ̀rọ̀ méjèèjì: wọn kò gbọdọ̀ pe ọmọ ní abirùn bó bá jẹ́ àìgbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ló fa ìṣòro rẹ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fi èdè ọmọ yẹ̀ ẹ́ wò àyàfi bí kò bá ṣeé ṣe rárá. Wọn kò lè bẹ̀rẹ̀ láìsí ìbuwọ́lùwé yín. Lẹ́yìn rẹ̀, ọjọ́ 60 ni wọ́n ní, àfi bí ìpínlẹ̀ bá ní iye tirẹ̀.

Ẹ béèrè: ta ló máa yẹ̀ ẹ́ wò, ní èdè wo, ta ni olùtumọ̀? Ẹ gba ohùn ọmọ sílẹ̀ lórí fóònù níbi tó ti ń pàlọ́ ní Yorùbá, kí ẹ sì mú un lọ. Bó bá yọrí sí pé ó nílò méjèèjì, méjèèjì ló máa gbà. Ilé-ẹ̀kọ́ tó bá ní kí ẹ yan ọ̀kan nínú ESL àti ètò àkànṣe ń rú òfin.

Ṣé a lè kọ ètò ESL?

Ẹ lè kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ kò kúrò lórí àkọsílẹ̀: á máa ṣe ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì lọ́dọọdún títí á fi yege, ilé-ẹ̀kọ́ sì gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ bó ṣe ń ṣe sí. Ẹ lè yí ọkàn padà nígbàkígbà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ti ìwé ìkọ̀sílẹ̀ sí yín lọ́wọ́ torí pé olùkọ́ ESL kò tó.

Ta ló máa túmọ̀ fún òbí tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì?

Ilé-ẹ̀kọ́ ni, lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọ yín kì í ṣe olùtumọ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà kì í ṣe é. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tí wọ́n ní kó túmọ̀ ẹ̀sùn tí olùkọ́ fi kàn án, ẹ mọ ohun tó máa sọ. Ẹ béèrè fún olùtumọ̀ lórí ìwé, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ìpàdé, nítorí pé ẹni tó gbọ́ Yorùbá kì í wà nítòsí. Orí fóònù ni wọ́n máa ń gbà á. Ẹ ṣọ́ra fún ìwé tí ẹ̀rọ túmọ̀ láìsí àmì ohùn. Bí gbólóhùn kan kò bá yé yín, ẹ má fọwọ́ sí i.

Báwo ni ọmọ ṣe ń jáde nínú ètò náà?

Lọ́dọọdún ló ń ṣe ìdánwò apá mẹ́rin. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ń lo ìdánwò ACCESS ti WIDA, àjọ tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ jọ wà nínú rẹ̀, tí máàkì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 1.0 dé 6.0, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ń yan iye tó tó fún ìjáde. Àwọn mìíràn ní ìdánwò tiwọn: California ní ELPAC, New York ní NYSESLAT, Texas ní TELPAS. Àwọn kan tún ń béèrè èrò olùkọ́ àti ti òbí.

Lẹ́yìn tó bá jáde, wọ́n gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ọ fún ọdún méjì ó kéré tán. Bó bá ṣubú nítorí èdè, kí wọ́n dá a padà. Ọmọ tó ti lo ọdún mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láìjáde, ẹ má gbà kí wọ́n kàn tún ètò kan náà ṣe fún un. Ẹ ní kí wọ́n fi máàkì apá kọ̀ọ̀kan hàn yín. Kíkọ ló sábà máa ń dá wọn dúró, kíkọ náà ló sì yẹ kí wọ́n gbájú mọ́.

Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 12 ní ilé-ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ lè yọ̀ǹda kó má ṣe ìdánwò ìwé kíkà ìpínlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ti ìṣirò kò yọ̀ǹda.

Olùkọ́ ni mí, n kò gbọ́ èdè ọmọ náà. Kí ni mo lè ṣe?

Ẹ yan ọ̀rọ̀ márùn-ún sí méje tí ẹ̀kọ́ òní kò lè ṣe láìsí, kí ẹ fi àwòrán àti ìṣesí kọ́ wọn kí ẹ tó ṣí ìwé. Ẹ kọ ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn sára pátákó kí ọmọ parí rẹ̀. Bí ẹ bá bi í ní ìbéèrè, ẹ ka ení dé àrún nínú ọkàn kí ẹ tó pe ẹlòmíràn. Ó ń gbọ́ ọ ní èdè kan, ó ń wá ìdáhùn ní òmíràn. Kíké ohùn sókè kò ràn án lọ́wọ́. Gbólóhùn kúkúrú ló ń ràn án. Ẹ jẹ́ kó kọ èrò àkọ́kọ́ rẹ̀ ní èdè rẹ̀. Nínú iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì, ẹ fún un ní máàkì sáyẹ́ǹsì, kí ẹ má sì fi "three book" gba máàkì náà padà.

Àwọn ọmọ kan máa ń dákẹ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Wọ́n ń gbọ́. Ẹ fún wọn ní iṣẹ́ tí wọ́n lè fi ọwọ́ ṣe, kí wọ́n máa nàka tàbí kí wọ́n máa yàwòrán.

Ǹjẹ́ Yorùbá lè fún ọmọ ní àǹfààní kankan ní ilé-ẹ̀kọ́ girama (high school)?

California ló kọ́kọ́ sọ ọ́ di òfin ní 2011 pé kí wọ́n fi èdìdì elédè méjì sára ìwé-ẹ̀rí ọmọ tó mọ èdè mìíràn pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì dáadáa. Ó ti tàn káàkiri látìgbà náà. Yorùbá náà lè wọ inú rẹ̀. Ẹ béèrè nígbà tí ọmọ bá wọ kíláàsì kẹsàn-án pé ìdánwò Yorùbá wo ni ẹkùn yín gbà, nítorí ó lè gba àkókò láti ṣètò rẹ̀, kíkà àti kíkọ sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa máa ń kùnà sí, kì í ṣe sísọ.

Ilé-ẹ̀kọ́ kò ṣe ohun tó yẹ. Ọ̀dọ̀ ta la lọ?

Ẹ kọ́kọ́ bá olùkọ́ sọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà olórí ESL ilé-ẹ̀kọ́, lẹ́yìn náà ọ́fíìsì ẹkùn. Ẹ fi gbogbo rẹ̀ sórí ìwé tàbí ímeèlì, kí ẹ kọ déètì sí i. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò ní ẹ̀rí. Bí ó bá kọjá ibẹ̀, iléeṣẹ́ ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ ní ìlànà ìfẹ̀sùnkàn, ẹ sì lè kọ̀wé sí ọ́fíìsì ẹ̀tọ́ aráàlú ti Iléeṣẹ́ Ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ láàárín ọjọ́ 180 sí ìgbà tí ohun náà ṣẹlẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ kò nílò lọ́yà. Ẹ so lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, máàkì ìdánwò, àkókò ESL ọmọ àti àwọn ímeèlì pọ̀ mọ́ ọn. Ilé-ẹ̀kọ́ kò sì gbọdọ̀ fìyà jẹ yín tàbí ọmọ yín nítorí pé ẹ fẹjọ́ sùn. Bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀sùn kejì nìyẹn, ẹ kọ òun náà sílẹ̀ lọ́tọ̀.